Àlùwàlá tí kì í parí: ìdáhùn fún ìyálọ́mọ kan ní Ẹ̀pẹ́

Lẹ́tà yìí wá láti Ẹ̀pẹ́. Mo gé e kúrú, mo sì yọ ohun tó lè fi ẹni tó kọ ọ́ hàn kúrò:

"Ẹ̀gbọ́n Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 27 ni mí, ẹja ni èmi àti màmá mi ń tà ní ọjà Olúwo. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni mo bímọ. Nǹkan yìí ti wà lára mi díẹ̀díẹ̀ kí n tó bímọ, ṣùgbọ́n ní báyìí ó ti fẹ́ yí mi lórí. Bí mo bá ṣe àlùwàlá tán, ọkàn mi á ní omi ò dé ìgúnpá mi, màá tún un ṣe. Ìrun Àsùbáà nìkan lè gbà mí ju wákàtí kan lọ. Bí mo bá kábárà, màá ní àníyàn mi ò pé, màá tún un kábárà. Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, mi ò lè gbé itọ́ mì, inú kọ́ọ̀bù ni mò ń tu ú sí nídìí ọjà títí ètè mi fi bó. Èyí tó burú jù ni èébú tó ń sọ lọ́kàn mi sí Ọlọ́run àti sí Ànábì, pàápàá tí mo bá foríkanlẹ̀. Mi ò pè é o, òun ló ń wá. Mo ti ka kálímà ṣàhádà láìmọye ìgbà, pé bóyá mo ti di kèfèrí. Mo tún máa ń rò pé mo ti rẹ́ oníbàárà jẹ. Mo ti sáré lé obìnrin kan dé ibùdókọ̀ torí ṣéńjì igba náírà tí kò dá mi lójú pé mo fún un. Àfáà mẹ́ta ni mo ti bi léèrè. Wọ́n á fọkàn mi balẹ̀, kò ní pé ọjọ́ méjì tí á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ti ń sú ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi ló pọ̀ tó báyìí ni, àbí Ọlọ́run ti kọ̀ mí?"

Àbúrò mi, mo kí ọ kú ọmọ, mo sì kí ọ kú ìfaradà. Ìbéèrè tí o fi parí lẹ́tà rẹ ni màá kọ́kọ́ dáhùn: rárá, Ọlọ́run kò kọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni màá sì dá ọ lóhùn lórí rẹ̀. Kí o tó ka ìyókù tán, wàá ti mọ ìdí tí mi ò fi ní tún un sọ, bí o bá tiẹ̀ kọ̀wé padà wá bẹ̀ mí.

Ohun tó ń ṣe ọ́ ní orúkọ. Àwọn dókítà ń pè é ní OCD (obsessive-compulsive disorder). Àwọn àfáà ti mọ irú rẹ̀ tipẹ́, wàsíwàsí ni wọ́n ń pè é. Nǹkan méjì ló máa ń so kọ́ra nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èrò tó ń já wọ ọkàn láìpè, tó sì ń kó jìnnìjìnnì báni. Èkejì ni ohun tí ènìyàn ń ṣe léraléra kí jìnnìjìnnì náà lè fi í sílẹ̀: àtúnfọ̀, àtúnkí, àtúnkà, àtúnbéèrè. Ìdọ̀tí ni ti ẹlòmíràn dá lé, á máa fọwọ́ títí ọwọ́ á fi bó. Ẹlòmíràn á máa dìde lóru lọ wo gáàsì bóyá òun pa á. Tìrẹ dá lé ẹ̀ṣẹ̀ àti ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ẹnì kan sí mẹ́ta ni àìsàn yìí máa ń bá jà nígbà kan láyé wọn, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ìgbà ọmọdé sí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní 20 ọdún. Oyún àti ìbímọ wà lára ohun tó máa ń ru ú sókè, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé ó le sí i láti ìgbà tí o ti bímọ.

Àìsàn yìí kì í bá ènìyàn jà lórí ohun tí kò jámọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Ìyá tí kò fẹ́ kí eṣinṣin bà lé ọmọ rẹ̀ ló máa ń rí i lọ́kàn pé òun ń ju ọmọ náà sí kànga. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ló ń gbọ́ èébú sí Ọlọ́run. Ẹni tí kò bìkítà bóyá òun rẹ́ oníbàárà jẹ, oorun rẹ̀ ló ń sùn.

Èrò burúkú tó ń já wọ ọkàn yẹn, ìwọ nìkan kọ́ ló ń wá bá. Ní ọdún 1978, Rachman àti de Silva, onímọ̀ ìrònú méjì ní London, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi àwọn ènìyàn tí ara wọn dá ṣáṣá léèrè bóyá irú èrò báyìí ń wá sí wọn lọ́kàn, ti ìwà ipá, ti ìṣekúṣe, ti ọ̀rọ̀ òdì. Bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n kó èrò àwọn wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ti àwọn aláìsàn, kò rọrùn fún àwọn tó mọ iṣẹ́ pàápàá láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí kálukú ń ṣe lẹ́yìn tí èrò náà bá dé ló yàtọ̀. Ìyá tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ọ̀rọ̀ burúkú lè já wọ ọkàn tirẹ̀ náà lórí ìrun. Á máa kírun rẹ̀ lọ. Kí ó tó sàlámà, ó ti gbàgbé. Ìwọ á dúró, wàá yẹ̀ ẹ́ wò, wàá bi ara rẹ léèrè irú ènìyàn tí o jẹ́, wàá tún kálímà kà. Ọpọlọ rẹ á rí i pé o sá, á gbà pé ewu ńlá ni, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ohun tí a bá sì ń ṣọ́ lójú méjèèjì, kò sí bí a ò ṣe ní máa rí i.

Ẹ̀sìn rẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Sàábé kan, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, lọ bá Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, wọ́n ní àwọn ń rí nínú ọkàn àwọn ohun tó wúwo ju kí àwọn fẹnu sọ ọ́ lọ. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìgbàgbọ́ tó hàn gbangba nìyẹn. Inú àkójọ hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, tí àfáà àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Muslim kó jọ ló wà. Ó tún wà nínú ti Bukhari, akójọ-hádíìsì mìíràn, àti ti Muslim pé Ọlọ́run ti mójú kúrò fún ìjọ rẹ̀ lórí ohun tí ọkàn wọn bá ń sọ, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá fi ṣiṣẹ́ tí wọn kò sì fẹnu sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníṣègùn Mùsùlùmí ayé àtijọ́ kò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Abu Zayd al-Balkhi, tó kú ní ọdún 934, kọ̀wé lórí ìlera ara àti ti ọkàn. Nígbà tó ń ka oríṣi àìsàn ọkàn, mẹ́rin ló kà: ìbínú, ẹ̀rù, ìbànújẹ́, àti wàsíwàsí. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń kà á mọ́ àìsàn tó ń fẹ́ ìtọ́jú.

Wàyí o, ibi tí o ti kó sí wàhálà gan-an ni ìtura. Bí o bá tún àlùwàlá ṣe, ara á tù ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí àfáà bá ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ, ara á tù ọ́ dé ọ̀la. Ìtura kékeré yẹn ni oúnjẹ àìsàn yìí. Ewúrẹ́ tí a bá ń fún ní èèpo iṣu lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná kì í jìnnà síbẹ̀. Bó bá jẹ ti òní tán, á padà wá lọ́la, á sì mú ọmọ rẹ̀ dání. Ìdáhùn àwọn àfáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ̀nà. Kò dúró nítorí pé ìmọ̀ kọ́ ni o ń wá lọ́dọ̀ wọn. O ti mọ ìdáhùn kí o tó lọ. Ìdánilójú tí kò ní ihò kankan ni o ń wá, ìdánilójú pé ìrun yìí wọlé, pé ọkàn yìí mọ́, pé kò sí kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ. Ọlọ́run kò fún ẹ̀dá kankan ní irú rẹ̀. Ìrètí àti ìbẹ̀rù ni àwọn ẹni rere fi sìn ín títí wọ́n fi kú.

Ohun tó ń wo àìsàn yìí, nígbà náà, ni pé kí o má dá a lóhùn mọ́. Ọ̀nà ìtọ́jú yìí ti tó bí ọgọ́ta ọdún: ní 1966 ni Victor Meyer ní London kọ nípa aláìsàn méjì tó fi tọ́jú, ó sì wà lára ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù lọ títí dòní. Ènìyàn á súnmọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù, á sì kọ̀ láti ṣe ohun tó máa ń fi lé ẹ̀rù náà lọ. Ẹ̀rù á ru sókè. Bí o kò bá fọwọ́ kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó lè má rọlẹ̀ bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wàá ti kírun, wàá ti tajà, wàá ti fọ́mọ lọ́mú, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù lára, ilé kò sì ní wó. Ẹ̀kọ́ tí ọpọlọ rẹ nílò nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹnu kọ́ ọ.

O lè máa sọ nínú ara rẹ pé, ṣé kì í ṣe pé dókítà yìí fẹ́ kí n fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú ẹ̀sìn? Jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà àfáà dá ọ lóhùn. Ọ̀pọ̀ ilé-kéwú nílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ń ka Rìsálà, ìwé òfin ẹ̀sìn ní ọ̀nà Mọ́líkì tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí iyèméjì bá ti borí lórí ìrun, kí ó mójú kúrò lára rẹ̀. Kò sí àtúnṣe lọ́rùn rẹ̀, ìforíkanlẹ̀ ẹ̀yìn sàlámà, èyí tí wọ́n ń pè ní báádì, ni kí ó ṣe. Ẹni tí iyèméjì ń bá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní kí ó mú ohun tó dá a lójú, kí ó sì ṣe èyí tó kù. Ẹni tí iyèméjì ti fi ọkàn rẹ̀ ṣe ilé, òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Gbogbo ọjọ́ yìí, òfin ẹni tí ara rẹ̀ dá ni o ń lò fún ara rẹ. Má sì jẹ́ kí báádì náà tún di wàhálà mìíràn o. Bí o kò bá rántí bóyá o ṣe é, gbà pé o ṣe é, ká ẹní rẹ.

Ní ti àlùwàlá, má ṣe é nídìí ẹ̀rọ omi mọ́. Pọn omi tí kò ju lítà kan lọ sínú bútà. Ó wà nínú hádíìsì pé mọ́ọ̀dù omi kan ni Ànábì máa ń fi ṣe àlùwàlá, mọ́ọ̀dù kan kò sì tó lítà kan. Ó sì wà nínú Bukhari pé ó ṣe àlùwàlá tó fọ oríkèé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí omi bútà bá tán, àlùwàlá parí. Má wo ìgúnpá, má fọwọ́ kàn án bóyá ó tutù, fa apá aṣọ rẹ wálẹ̀, bọ́ sórí ẹní. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí o kábárà. Ní ti àníyàn, ìgbà tí o gbé bútà, tí o sì dojú kọ kíbílà ni o ti ní in. Ta ni í ṣe gbogbo ìyẹn láìmọ̀ pé ìrun ni òun fẹ́ kí? Bí ó bá sì ṣe ọ́ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ jáde lára rẹ, hádíìsì ti yanjú ìyẹn tipẹ́: má kúrò lórí ìrun àyàfi bí o bá gbọ́ ìró tàbí tí o gbọ́ òórùn.

Itọ́ inú ẹnu kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ààwẹ̀ tó ń bọ̀, kọ́ọ̀bù yẹn kò gbọdọ̀ dé ọjà.

Èébú tó ń sọ lọ́kàn rẹ ló le jù, kí ó wà fún ẹ̀yìn. Nígbà tí o bá dé orí rẹ̀, má bá a jà, má ṣàlàyé fún un, má sì ka àsítàgífárù, ọ̀rọ̀ ìtọrọ àforíjìn, láti fi pa á rẹ́. Máa ka súrà rẹ lọ nígbà tó ń sọ tirẹ̀. Àsítàgífárù kò burú, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣe é lẹ́yìn ìrun ní iye tí o máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, má fi lé èrò kiri. Bákan náà, bí o bá ti ka kálímà nínú ìrun rẹ, má tún máa kà á láti fi wọ ẹ̀sìn tí o kò jáde nínú rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ èyí kó yé ọ kedere: ìtọ́jú yìí kò ní sọ pé kí o bú Ọlọ́run, kí o jẹ háràámù, tàbí kí o fi ìrun sílẹ̀. Bí olùtọ́jú kankan bá ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀, sọ fún un pé ó tì.

Ọ̀rọ̀ oníbàárà gba àlàyé, torí ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì kì í ṣe ohun eré. Bí o bá mọ̀ dájú pé o ta ẹja àná fún ẹnì kan pé ti òní ni, o mọ ẹni náà, o mọ iye rẹ̀, wá a lọ, dá owó rẹ̀ padà, tọrọ gáfárà, ṣe túúbá. Ó parí. Ẹ̀rí ọkàn tó dá ṣáṣá ní ibi tó ń dé tí á dúró. Èyí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu kò tíì rí ẹ̀ṣẹ̀ náà, "bóyá" ló ń tọ̀. Bí o bá yanjú bóyá ti ṣéńjì, bóyá ti ẹ̀pìyà tí o fi kún ti ìyá kan á dé, lẹ́yìn náà bóyá ti ohùn tí o fi dá màmá rẹ lóhùn láàárọ̀. Kò sí ìgbà tí wàá san gbèsè bóyá tán. Nítorí náà, ka ṣéńjì lẹ́ẹ̀kan sókè lójú oníbàárà, fi lé e lọ́wọ́, kí ó máa lọ. Má bi màmá rẹ léèrè bóyá ó rí ọ nígbà tí o kà á. Má sáré lé ẹnikẹ́ni dé ibùdókọ̀ mọ́. Má sì fi sàráà ra ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí o bá fẹ́ ṣe sàráà, ṣe é lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ balẹ̀. Bí bóyá bá ń jó ọ nínú, ẹja tó wà níwájú rẹ ni kí o máa họ ìpẹ́ rẹ̀. Ibi ṣéńjì yìí ni màá fẹ́ kí o ti bẹ̀rẹ̀, torí lójú mi, òun ló rọrùn jù nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, bútà. Má kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra lọ́jọ́ kan.

Nínú àwọn àfáà mẹ́ta yẹn, yan ẹnì kan. Sọ fún un pé àìsàn ni, kí ó sì bá ọ ṣe àdéhùn pé bí o bá tún mú ìbéèrè tí ó ti dáhùn wá, kò ní dáhùn rẹ̀ mọ́. Mo ní ọ̀wọ̀ púpọ̀ fún àwọn àfáà wa, ṣùgbọ́n àánú àwọn mìíràn pọ̀ ju ohun tí àìsàn yìí nílò lọ. Àwọn kan á fi ìrun nọ́fílà, èyí tí kì í ṣe ọ̀ranyàn, àti ààwẹ̀ kún un fún ọ pé kí ọkàn rẹ lè mọ́. Ẹni tó ti ń fi wákàtí kan ṣe Àsùbáà kò nílò àfikún ìjọsìn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

O kò sọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ, ṣùgbọ́n mo mọ ilé wa: ẹnì kan á ti sọ pé àlùjànnú ni, tàbí pé ayé ló ń ṣe ọ́. Àdúrà kò ní kí a má lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá fẹ́ ka Àlùkùráánì sí ọ lára, kí wọ́n kà á. Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ so ọ́ mọ́lẹ̀, nà ọ́, tàbí fi ebi pa ọ́ nígbà tí ọmọ wà lẹ́nu ọmú, gbé ọmọ rẹ kí o jáde.

Ilé ìwòsàn ìjọba ní Ẹ̀pẹ́ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ní kí wọ́n kọ̀wé fún ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá LASUTH ní Ìkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ń tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Yábà. Mo mọ̀ pé orúkọ Yábà ń ba àwọn ènìyàn wa lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ ń rí dókítà, wọ́n ń gba oògùn, wọ́n sì ń sùn sílé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sì sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti fi àìsàn rẹ yẹ̀yẹ́: òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2023 gbé ẹ̀tọ́ aláìsàn lárugẹ ju òfin àtijọ́ lọ. Jẹ́ kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yé dókítà bó ṣe rí, títí kan èébú yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi í pamọ́ nítorí ìtìjú, wọ́n á ní oorun ni àwọn ò rí sùn, oògùn oorun ni wọ́n á sì gbà lọ sílé.

Oògùn wà. Sertraline àti fluoxetine wà lára àwọn tí wọ́n ń lò jù. Ìwọ̀n tí àìsàn yìí ń fẹ́ sábà máa ń ju ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lọ, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ènìyàn tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á ní kò ṣe nǹkan kan, wọ́n á jù ú nù. Sọ fún dókítà pé o ń fọ́mọ lọ́mú. Sertraline wà lára èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yàn fún ìyálọ́mọ, torí díẹ̀ ló ń wọ inú omi ọmú. Má lọ rà á fúnra rẹ ní kẹ́mísì, má sì ṣàdédé dá a dúró nígbà tí ara bá ti ń yá. Bí o bá rí ẹni tó mọ ọ̀nà ìtọ́jú tí mo ṣàlàyé lókè, tí ó sì lè máa bá ọ ṣe é ní ìpele ìpele, oògùn àti òun jọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ àdéhùn. Bí o bá ń rò pé ikú sàn ju èyí lọ, tàbí o ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí ó ń ṣe ọ́ bí ẹni pé o gbọ́dọ̀ ṣe ọmọ rẹ ní jàǹbá, kí wọ́n gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. 112 àti 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi tó jẹ́ Kristẹni, ní Ìkòròdú, ní Àgbádárìgì àti níbikíbi tí ẹ bá wà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Ẹni tó ń jáde síwájú pẹpẹ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi láti tún fi ayé rẹ̀ fún Jésù nítorí kò dá a lójú pé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọlé, ẹni tí kò lè jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nítorí ó rò pé òun ti ṣẹ̀ sí Ẹ̀mí Mímọ́, ẹni tó ń ṣírò ìdámẹ́wàá rẹ̀ lóru lẹ́ẹ̀mẹfà, àìsàn kan náà ni. Ignatius ti Loyola, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àlùfáà Jesuit sílẹ̀, wà nínú rẹ̀ ní ìlú Manresa ní Sípéènì ní ọdún 1522. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó tún un jẹ́wọ́, ó ní ó ṣì ku èyí tí òun gbàgbé, títí ó fi ń wù ú kí ó pa ara rẹ̀. Ìgbà tó pinnu pé òun kò ní jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ kankan mọ́ ni ó bọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kù jẹ́ ti ọkọ rẹ, kí o fún un kà. Ẹ kú ìfaradà, sà. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí sú yín, ẹ má sì bínú sí ara yín pé ó sú yín. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó yín bá bi yín pé "ṣé mo ti ṣẹ̀?" tí ẹ sì ní "rárá", àìsàn náà lẹ ń dá lóhùn. Ẹ má ṣàdédé dákẹ́ lé e lórí o, ìyẹn á dà bí ìkà. Ẹ jọ jókòó ní àkókò tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ẹ ó máa sọ. Ó lè jẹ́ pé, "Mo wà pẹ̀lú rẹ, àìsàn yẹn ló ń béèrè, mi ò ní dá a lóhùn." Lẹ́yìn náà, kí ẹ pe orúkọ ohun mìíràn tí ẹ lè jọ ṣe. Ó lè sunkún, ó lè ní ẹ kò nífẹ̀ẹ́ òun mọ́. Ẹ dúró tì í, ẹ má jáde nílé, ẹ má sì yí ọ̀rọ̀ yín padà. Ẹ má bá a pọn omi kejì. Ẹ má bá a ṣọ́ iye ràkáà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí. Bí ó bá kírun lẹ́ẹ̀kan tó sì dìde, ẹ lè sọ fún un pé ẹ rí ìsapá rẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé ìrun náà gbà. Àìrí oorun sùn a sì máa mú kí gbogbo rẹ̀ le sí i, nítorí náà, bí ọmọ bá jí lóru tí kì í ṣe ọmú ló ń fẹ́, ẹ̀yin ni kí ẹ dìde gbé e.